Ejò Kékeré Tí Mo Gbé Wọ Igbó Àìdáhùn

Ẹ fi ariwo mọ níwọ̀n, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn rí ojú mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹnu nìkan kò ní lè sọ ọ́ tán, ojú náà yóò bá mi sọ níbẹ̀. Ọdẹ́níyì ni mò ń jẹ́, ọmọ Ògúnrónbí, ọdẹ tí ẹfọ̀n mọ̀, tí ìnàkí mọ̀, tó jẹ́ pé bí àmọ̀tẹ́kùn bá gbóòórùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Mo ti pàdé erin níbi tí kò sí igi tí mo lè gùn, èmi àti erin sì wo ara wa títí ojú fi ti erin. Mo ti sùn nínú ihò kan láìmọ̀ pé òjòlá ló ni ín. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, a jí, a wo ara wa, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí mo ṣe akọni ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọjọ́ tí apá mi kò ká nǹkan kan ni. Ọjọ́ tí ẹranko tí kò nípọn tó ìka ọwọ́ mi sọ mí di ẹni tó ń kiri bẹ̀bẹ̀ nínú igbó.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Òkè-Ìrókò ni ẹ mọ Abíọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú, tí n kò tí ì lè dá omi bù mu. Amọ̀kòkò ni. Yóò jókòó ti amọ̀, yóò máa bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ sọ́nà, kí ẹ sì tó mọ̀, ìkòkò ti dìde dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdúró. Ó ní àwọn adìẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sì bá a fi àwọ̀n ẹja tó ti gbó ṣe ọgbà yí wọn ká nítorí àṣá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó lọ kó ẹyin. Èmi wà nínú ilé, mò ń fi epo nu ìbọn, nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi kì í ké. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, ńṣe ló jókòó tó ń wo ilẹ̀. Nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ igbe yẹn, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré jáde.

Mo bá a tó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àjàní, nǹkan gé mi jẹ. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni mo ki ọwọ́ bọ̀, nǹkan sì gé mi jẹ."

Ṣíjúadé, ìyàwó mi, ló kọ́kọ́ rí i. Ó nàka sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí adìẹ ń yé sí, ejò kékeré kan há sínú àwọ̀n. Ó ti gbìyànjú láti gba ojú àwọ̀n kọjá, orí rẹ̀ kọjá, ọrùn kọjá, ibi tó fẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ kò kọjá mọ́. Ó wá yí, ó wá lọ́, títí okùn àwọ̀n fi wé mọ́ ọn lọ́nà tó pọ̀, tó sì wọ ọ́ lára. Ó sorọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí ẹnì kan gbàgbé. Kí n tó sún mọ́ ọn, ilé ti kún. Àwọn aládùúgbò ti dé tàdàtàdà, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ pa á! Ẹ gé orí rẹ̀!" Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo dúró sí àárín wọn àti ejò náà. Mo ní, "Bí ẹ bá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ni a ó fi han Baba Láńlókè?"

Baba Láńlókè ni ẹni tó ń wo ẹni tí ejò bá bù jẹ ní ìlú wa. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ó dé kíákíá lọ́jọ́ náà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa okùn yọ nínú àpò, ó sì so apá ẹ̀gbọ́n mi lókè ìgúnpá, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á títí eyín rẹ̀ fi ń ró. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ọdẹ, ejò wo nìyí?"

Ha! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni kò mọ̀ pé mo mọ ejò? Mo mọ paramọ́lẹ̀ láti orí ipa tó fi sílẹ̀ nínú eruku. Mo mọ ọká bí ewé gbígbẹ tilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Mo mọ ohùn sèbé, mo mọ agbáàdú nígbà tí ìrù rẹ̀ nìkan bá ń wọ igbó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ejò yìí, mo tún wò ó. Àmì ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi ti paramọ́lẹ̀, dúdú lórí eérú-eérú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò fẹ̀ bí orí paramọ́lẹ̀. Orí àti ọrùn rẹ̀ dọ́gba, ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu alángbá. Bí mo ṣe na ọ̀bẹ sí i báyìí, ó fi ara ra ara, ó ń dún ṣáá bí ìgbà tí obìnrin ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Ohùn paramọ́lẹ̀ nìyẹn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní, "Baba, n kò mọ̀ ọ́n."

Baba Láńlókè wò mí bí ẹni tó gbọ́ pé odò gbẹ. Ó ní, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Awọ paramọ́lẹ̀ ló wọ̀, orí rẹ̀ kì í ṣe ti paramọ́lẹ̀. Ewé tí mo fi ń pa oró paramọ́lẹ̀, bí mo bá lò ó fún ẹni tí ejò mìíràn ṣán, yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tí mo sì ń lò fún sèbé, bó bá jẹ́ paramọ́lẹ̀ ló ṣán an, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa pọ̀. N kò lè dáwọ́ lé e báyìí." Ó tún ní, "Baba mi a máa sọ fún mi pé obìnrin kan wà nínú Igbó Àìdáhùn tó ń rán awọ tí ejò bá bọ́ sílẹ̀. Ó ní kò sí ejò tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n òkú kọ́ ni yóò mọ̀ fún ọ o. Láàyè ni kí o gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Bí mo ṣe di agbẹ̀mílà ejò nìyẹn, èmi tí mo ti pa èyí tí n kò lè kà. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú àwọ̀n, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ń gé okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn náà tín-ín-rín bí irun, ó ti wọ inú ìpẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé bí ọwọ́ mi bá yẹ̀ báyìí, mo ti gé ejò àti ẹ̀gbọ́n mi pọ̀. Òógùn ń kán sí mi lójú, n kò sì lè nù ún. Ejò náà ti dẹ́kun ìjà. Ó ń wò mí lásán. Nígbà tí okùn ìkẹyìn já, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tutù, kò wúwo rárá, n kò sì lè sọ bóyá ikú ni mo gbé dání tàbí ẹ̀mí. Ṣíjúadé gbé ìṣaasùn kékeré kan wá, ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mọ, a fi ejò náà sínú rẹ̀, a fi ewé bo ojú rẹ̀, a dá ewé náà lu kó lè máa mí. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè látorí ẹní, ó ní, "Àjàní, má pẹ́."

Igbó Àìdáhùn, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá kígbe nínú igbó mìíràn, igbó á gba ohùn náà, á sì dá a padà fún un. Èyí kì í dá a padà. Ó ń gbé ohùn mì. Mo wọ ibẹ̀ tìbọntìbọn, ìṣaasùn lábíyá, egbé mi nínú àpò. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò mọ egbé, oògùn tó máa ń gbé ọdẹ kúrò níbi tí nǹkan bá ti le ni, tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Baba mi ló fi sílẹ̀ fún mi. N kò tí ì rìn jìnnà tí àwọn igi iwájú mi fi sún mọ́ ara wọn, gbòǹgbò wé mọ́ gbòǹgbò, ọ̀nà sì dí. Ẹ̀dá kan jókòó sí ìdí wọn. Ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ènìyàn, àfi etí rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì tóbi bí ewé kókò, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ dé èjìká, wọ́n sì ń mì bí atẹ́gùn kò tilẹ̀ fẹ́. Mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́tí-Kókò nínú ọkàn mi, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó gbọ́ ọ.

Mo fọhùn sókè, mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́níyì ọmọ Ògúnrónbí, ọdẹ tí ẹfọ̀n..." Ó gbé etí rẹ̀ kan sókè, ó fi bo ekejì. Ó ní, "Mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mo tún gbọ́ nígbà tí ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí. Kí lo gbé sábẹ́ abíyá?"

"Ejò ni."

"Ejò wo?"

"N kò mọ̀."

"Ta ló bù jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣé o rí i nígbà tó bù ú jẹ?"

Mo ní, "Rárá, n kò rí i."

Ẹlẹ́tí-Kókò mi orí rẹ̀, etí rẹ̀ sì ń gbá a lójú. Ó ní, "O gbé ohun tí o kò mọ̀, nítorí ohun tí o kò rí, ò ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀. Kí ni kí n gbà lọ́wọ́ irú ẹni báyìí kí n tó ṣílẹ̀kùn fún un?" Mo ní kó gba àpò ẹran gbígbẹ mi. Ó ní ẹran náà ń pariwo jù. Mo ní kó gba ìbọn. Ó ní, "Irin ni. N kì í jẹ irin." Inú bí mi. Mo gbé ìbọn sójú, mo yìn ín, ìbọn sì tutọ́. Ẹ gbọ́ mi o, omi ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ro tótó sílẹ̀, láti ìgbà yẹn kò sì yin nǹkan kan mọ́. Ẹlẹ́tí-Kókò kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ohun tó ń gbé ọ sálọ nígbà tí nǹkan bá le, ìyẹn ni mo fẹ́. Mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń mí nínú àpò rẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Mo rántí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wú, mo sì rí i pé kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo fa egbé baba mi yọ, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó jù ú sẹ́nu, ó rún un wómúwómú, àwọn igi sì ya.

Mo ń lọ, mo ń lọ, òórùn igbó náà sì ń mú òòyì kọ́ mi. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n wo ejò náà nínú ìṣaasùn ni òjìji kan ti bò mí. Mo gbójú sókè. Ẹni náà ga ju ilé lọ, ẹsẹ̀ ènìyàn ló fi dúró, ṣùgbọ́n àgógó àkàlàmàgbò ló wà lójú rẹ̀, gígùn, dúdú, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbàgbọ́ bó ṣe dùn tó. Ó ní, "Ọdẹ, ó ti rẹ̀ ọ́. Mo mọ ejò yẹn. Gbé e fún mi kí n jẹ ẹ́, n ó sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, ìwọ yóò sì tètè darí sílé." Ẹ̀yin ará, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e fún un. Ṣé ẹ rí i, ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́, n kò sì mọ ibi tí obìnrin náà ń gbé. Mo ti na ìṣaasùn sí i kí ọkàn mi tó bi mí léèrè pé, bó bá jẹ ẹ́ tán, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ? Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo ní, "Kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀."

Ó ní, "Paramọ́lẹ̀ ni. Ẹ so apá náà le sí i."

Mo ní, "Ìwọ kò tíì wò ó. Ewé ló bo ojú ìkòkò."

Ohùn dídùn náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àgógó bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀kọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ dé ìdajì. Mo sá. Ọdẹ́níyì sá, mo ń sọ ọ́ fún yín lójú gbogbo ayé. Mo ṣubú, mo dìde, mo gbé ìṣaasùn mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, mo sì yọ́ wọ inú ihò kan ní ìdí igi àràbà ńlá. Ihò náà kò jìn. Ẹlẹ́nu-Àkàlà, bí mo ṣe sọ ẹni náà lórúkọ, dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki àgógó bọ ihò, ó ń ṣán sókè ṣán sílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣán, ó ń sún mọ́ ojú mi. Ìbọn mi kún fún omi. Egbé mi wà nínú ikùn ẹlòmíràn. Mo dijú. N kò ní ọfọ̀ kankan lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mò ń pè nínú ọkàn mi, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí ààrá bá ń sán.

Ìgbà náà ni ejò kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ra ara nínú ìkòkò. Ìkòkò sì gba ohùn náà, ó sọ ọ́ di ńlá. Ihò igi gbà á lọ́wọ́ ìkòkò, ó sọ ọ́ di ohun tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣááá! Ó dà bíi pé ìyá gbogbo paramọ́lẹ̀ ayé ló ká jọ sínú ihò yẹn. Ẹlẹ́nu-Àkàlà dúró. Ó fa àgógó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn lórí ewé gbígbẹ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ eré. Mo jókòó sínú òkùnkùn ihò náà, mo ń gbọ̀n, mo sì ṣí ewé díẹ̀ kúrò lójú ìkòkò. Ó ká jọ sí ìsàlẹ̀, ó kéré, ojú ọgbẹ́ okùn ṣì wà lára rẹ̀. Òun náà ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo jáde ní apá kejì igi náà, mo rí ilé obìnrin tí mò ń wá. Awọ ejò tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn sorọ̀ sórí okùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀gún, ó ń rán awọ kan tó ya. Afọ́jú ni. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Gbé e wá. Ẹsẹ̀ rẹ ti ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́, ìyá. Ejò ló bu ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ejò wo ni?"

Ó gba ìṣaasùn. Kó tó ṣí i, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ó tún pa á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó ní, "Ta ló mọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi náà ni."

"Ṣé ọwọ́ tó mọ èyí ni nǹkan gé jẹ?"

Mo ní, "Òun ni, ìyá."

Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó gbé ejò náà jáde, ó jẹ́ kó máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Dá mi lóhùn. Ta ló wọ aṣọ ológun, tó ń pariwo ológun, tí kò ní idà?" Mo ronú kan gbogbo ẹranko tí mo mọ̀. Mo ní, "N kò mọ̀, ìyá." Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, wàá délé, wọn yóò bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, wàá ní ẹnì kan ló sọ ọ́. Ìyẹn kò ní tó. Na ìka rẹ." Mo na án. Ó ní, "Fi sí i lẹ́nu."

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi tí mo wo erin títí ojú fi tì í, mo fa ìka mi padà. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ ejò olóró ni, kò sí ẹni tí yóò gbé mi dé ilé, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì kú láìgbọ́ èsì. Obìnrin náà kò dá mi lọ́wọ́, kò sì rọ̀ mí. Ó kàn di ejò náà mú, ó ń dúró. Mo ki ìka mi sí i lẹ́nu. Ó gé mi. Ó fi gbogbo agbára tó ní gé mi, mo sì ń retí ìrora, n kò rí i. Kò sí eyín níbẹ̀. Ó rọ̀, ó tutù, bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá fi èrìgì di ìka ènìyàn mú. Omi bọ́ lójú mi, n kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aránwọ, bí mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ náà, ní, "Ejò ajẹyin ni. Ẹyin ni oúnjẹ rẹ̀. Odindi ló ń gbé e mì, inú ọ̀fun ló ti ń fọ́ ọ, a sì pọ èèpo rẹ̀ jáde. Kí ni yóò fi eyín ṣe? Ọlọ́run tó dá a fún un ní aṣọ paramọ́lẹ̀ àti ohùn paramọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ihò mélòó lo rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹyọ kan ni, ìyá. Ó pọ́n, ó le."

"Àkekèé. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ló wà. Yóò dùn ún gidigidi, àgbàlagbà tó lágbára sì máa ń borí rẹ̀. Kò..." Ó dúró lójijì. Ó ní, "Ṣé ẹ so apá náà?"

Mo ní, "A so ó."

"Ó le?"

"Baba Láńlókè fi ẹsẹ̀ ti ògiri ni, ìyá."

Obìnrin náà dìde, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Láti àárọ̀? Fi ejò sílẹ̀, fi ìkòkò sílẹ̀, sáré! Okùn yẹn ló ń jẹ apá rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò egbé ju gbogbo ọjọ́ ayé mi lọ. Mo ti sá fún ìnàkí rí, mo ti sá fún iná ìgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí eré tí mo sá tó dà bí èyí. Mo ju ìbọn nù nítorí pé ó ń lù mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́tí-Kókò, mo wólẹ̀, mo ní kó dá egbé mi padà, kó gba ohunkóhun, kó gba etí èmi náà bó bá fẹ́. Ó fi ọwọ́ pa ikùn, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣàánú mi. Ó ní, "Ó ti dà nínú ikùn mi. Mò ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ láti ibí. Ó ti dákẹ́." Mo kígbe pe orúkọ rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi o! Abíọ́nà!" Igbó gbé ohùn mi mì. Mo dìde, mo ń sáré, mo ń sunkún.

Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí mo wọ àgbàlá. Wọ́n ti gbé e jáde sábẹ́ igi. Apá rẹ̀ láti ibi okùn sísàlẹ̀ ti dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Kì í ṣe nítorí pé ó ti kú ló fi dákẹ́. Ó dákẹ́ nítorí pé kò mọ apá náà lára mọ́. Mo ní, "Ẹ tú okùn! Ejò yẹn kò lóró, àkekèé ló ta á, ẹ tú okùn!" Baba Láńlókè dúró síwájú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má gbà á sí ìbínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní, "Ibo ni ejò náà wà?" Mo ní mo ti fi í sílẹ̀. Ó ní, "Kí ni o fi mọ̀ pé òótọ́ ni? Bí mo bá tú u, tí oró bá dé ọkàn rẹ̀, ìwọ lo máa dá a jí?" Àwọn èrò ń kùn. Ṣíjúadé sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó yí apẹ̀rẹ̀ sóde, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ta á ti lọ. N kò ní ejò, n kò ní àkekèé, n kò ní ìbọn. Ẹnu mi nìkan ló kù, ẹnu náà kò sì ṣe nǹkan kan fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló la ojú. Ó ní, "Àjàní, ìwọ fúnra rẹ lo rí i ni?"

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Mo fi ìka mi sí i lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní eyín."

Ó wo ìka tí mo nà sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó yíjú sí Baba Láńlókè, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ẹni tí mo fi ọwọ́ yìí gbé dàgbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Baba Láńlókè gé okùn. Ẹ̀jẹ̀ padà sínú apá náà, ẹ̀gbọ́n mi tí kì í ké sì ké títí ohùn rẹ̀ fi ya. Kò sí ewé tí a lè fún un fún ìyẹn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo àyà rẹ̀, wọ́n ń retí bóyá èémí yóò dúró. Èmi náà ń retí, nítorí ẹ̀yin ará, òótọ́ ni pé mo mọ ejò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n kó tó bà mí. Èémí kò dúró. Ìrora náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àwọ̀ rẹ̀ láti òkè wá, ó dé ìgúnpá, ó dé ọrùn ọwọ́, ó sì dúró níbẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ nà sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n dúdú, wọ́n dákẹ́. Baba Láńlókè wò wọ́n, ó mi orí, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bo ojú rẹ̀.

Ibi tí mo lè rò ó dé nìyí, ẹ̀yin tí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ọdẹ tó ṣẹ́gun, kó bi mí lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ni mo fi ìka mi sí àárín àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì jókòó. Mo ní kó dì í mú. Ó ní òun ń dì í mú. N kò mọ nǹkan kan lára. Àwọn èrò túká, àwọn adìẹ gòkè lọ sùn, Ṣíjúadé gbé oúnjẹ wá, ó tún gbé e lọ. Mo tún ní kó dì í mú. Ó ní, "Mò ń gbìyànjú, Àjàní." Mo ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, nítorí náà n kò rí i nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn mọ̀ ọ́n lára ni: àtàǹpàkò rẹ̀, àti ìka tó tẹ̀ lé e, wọ́n rọra tẹ̀ mí, bí ẹni tó ń wò bóyá amọ̀ ti rọ̀ tó.